Bí Ẹ Ṣe Máa Gba Ìwé Tó Mú Fúláàtì Yín Gan-an Ní Àbújá

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ra fúláàtì ní Jabi, Wuye, Gwarinpa tàbí Lokogoma ló ní ìwé lọ́wọ́, àmọ́ ìwé náà kì í ṣe ti fúláàtì wọn. Ẹ ṣí i wò dáadáa: pọ́lọ́ọ̀tì ni wọ́n kọ síbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ilé ló wà lórí C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀), ohun kan ṣoṣo tó so ẹni tó rà á pọ̀ mọ́ yàrá tó ń sùn ni ìlà kan nínú ìwé àdéhùn: “Flat 5, second floor.” Lọ́jọ́ tí báńkì bá fẹ́ fi ilé náà dúró fún owó yíyá, tàbí tí bàbá tó rà á bá kú tí àwọn ọmọ fẹ́ pín ogún, ìlà yẹn kì í gbé wọn dé ibì kankan.

Ìdí rẹ̀ ni pé láti òkè ni ìwé ilẹ̀ wa ti máa ń wo ilẹ̀. Igun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì, ọ̀kan fún ìlà-oòrùn, ọ̀kan fún àríwá. Tí ilé alájà mẹ́ta bá wà lórí ilẹ̀ náà, nọ́ńbà kan náà ni fúláàtì ìsàlẹ̀ àti ti òkè pátápátá ní, torí wọ́n tò léra bí abọ́. Nọ́ńbà kẹta, ìyẹn gíga, ló ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nítorí náà, ìwé fúláàtì gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ni ín, ẹ̀tọ́ wo ló ní, àti àyè wo gan-an, láti ilẹ̀ yàrá dé àjà. Orí mẹ́ta yìí náà ni ISO 19152, ìlànà àgbáyé lórí àkọsílẹ̀ ilẹ̀, dúró lé.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ẹ̀dà C of O tàbí R of O (Right of Occupancy, lẹ́tà tí ìjọba fi yọ̀ǹda ilẹ̀) ilẹ̀ náà, kí gbogbo ojú ìwé rẹ̀ pé, pẹ̀lú TDP, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tó máa ń so mọ́ ọn.
- Nọ́ńbà fáìlì, nọ́ńbà pọ́lọ́ọ̀tì àti cadastral zone, ìyẹn àmì tí ìwé ilẹ̀ fi ń pe àdúgbò kọ̀ọ̀kan.
- Àwòrán ilé tí Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́, fọwọ́ sí, àti lẹ́tà ìfọwọ́sí rẹ̀.
- Ìwé àdéhùn rírà àti gbogbo rìsíìtì owó tí ẹ ti san.
- NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àti nọ́ńbà owó orí yín.
- Lọ́yà tiyín. Lọ́yà tí dẹfẹ́lọ́pà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó kọ́ ilé, bá yín mú, ti dẹfẹ́lọ́pà ni.
- Sọ́féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ sọ́féyọ̀, tó sì ti wọn inú ilé rí, kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo nìkan.
- Owó sẹ́ọ́ọ̀ṣì (yíyẹ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ wò lọ́dọ̀ ìjọba), sọ́féè, òǹtẹ̀, ìyọ̀ǹda àti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé.

Tí ẹ ò bá tíì san owó ilé tán, ẹ má san án tán. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdá kan máa dúró títí dẹfẹ́lọ́pà á fi fọwọ́ sí àwọn ìwé tí ìgbésẹ̀ 3 sí 6 ń béèrè. Ẹni tí ẹ ti san gbogbo owó fún kì í tètè gbé fóònù mọ́.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ìjọba tó ni ilẹ̀, àti ẹni tí ìwé pè ní onílẹ̀

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí ẹ tó dé orí fúláàtì, ẹ mọ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú tí Àbújá wà nínú rẹ̀, Mínísítà FCT ló sì ń lo agbára tí gómìnà ń lò lórí ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Àmọ́ tí ẹ bá kọjá Nyanya sí Mararaba, Ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà yẹn, NAGIS ló ń mójú tó ìwé ilẹ̀ wọn. Tí ẹ bá kọjá Zuba sí Madalla tàbí Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger nìyẹn. “Abuja” ni àwọn ejẹ́ǹtì ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé Mararaba lọ sí AGIS, ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ilẹ̀ FCT, ṣe ló máa gbé e padà wálé.

Tó bá jẹ́ inú FCT ni, ẹ ní kí lọ́yà yín ṣe sẹ́ọ́ọ̀ṣì ní AGIS. Ẹ má gba ẹ̀dà sẹ́ọ́ọ̀ṣì tí dẹfẹ́lọ́pà ṣe lọ́dún tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, torí báńkì lè ti gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ láti ìgbà náà. Nǹkan mẹ́rin lẹ máa wá nínú èsì rẹ̀: orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, ọdún tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti fi ilẹ̀ náà yáwó tàbí ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sínú fáìlì.

Ẹ wo cadastral zone pẹ̀lú. B04 ni Jabi, B05 ni Utako, B03 ni Wuye, A05 sì wà ní Maitama. Tí wọ́n bá mú yín lọ wo ilé ní Jabi tí ìwé ń sọ B05, ẹ dúró ná, kí ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ ṣọ́ra fún ìwé Area Council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ inú FCT, bíi AMAC àti Bwari. Àwọn tó gba ilẹ̀ láti ọwọ́ AMAC tàbí Bwari láyé àtijọ́ pọ̀ ní Kubwa, Lugbe àti Karu. Ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì di ìwé Mínísítà títí wọ́n á fi ṣe regularisation rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n sọ ọ́ di ìwé tí Mínísítà fọwọ́ sí. Ìwé fúláàtì kò lè lágbára ju ìwé ilẹ̀ tó gbé e lọ. Tó bá jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé yín wà lé, ibẹ̀ ni kí dẹfẹ́lọ́pà ti bẹ̀rẹ̀.

Gbèsè owó ilẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba FCT gba ìwé ilẹ̀ 4,794 padà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè ọdún mẹ́wàá ó lé, ní Maitama, Asokoro, Garki, Wuse àti Guzape. Ẹni tó ra fúláàtì lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè má jẹ kọ́bọ̀ fún dẹfẹ́lọ́pà, síbẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ ilé rẹ̀ ti lọ.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* orúkọ tó wà nínú èsì sẹ́ọ́ọ̀ṣì bá orúkọ ẹni tó ń ta ilé fún yín mu, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Kò sí gbèsè, tàbí rìsíìtì sísan rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín. Ọdún tó kù lórí ilẹ̀ sì yé yín. Ọdún 99 ló wọ́pọ̀ lórí C of O. Tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 2004, 2103 ló máa parí, ẹni tó rà á ní 2026 ń ra ọdún 77. Kò sí bí dẹfẹ́lọ́pà ṣe lè fún yín ní ọdún tí òun alára kò ní.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rí i pé àjà tí ẹ wà wà nínú àwòrán tí ìjọba fọwọ́ sí

Ìgbésẹ̀ yìí kì í pẹ́. Ẹ gba àwòrán ilé tó ní òǹtẹ̀ Development Control, kí ẹ ka iye àjà tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dúró ní ojú títì kí ẹ ka ti ilé gangan. Ilé tí wọ́n fọwọ́ sí fún àjà mẹ́ta tó wá di mẹ́rin kò ṣọ̀wọ́n, fúláàtì àjà kẹrin yẹn ni wọ́n sì sábà máa ń tà lówó pọ́ọ́kú. Ẹ má rà á. Àjà tí kò sí nínú àwòrán ìjọba lè gba àmì pupa wíwó lára ògiri lọ́jọ́ kan, kò sì sí akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ tó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun ìní ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo iye fúláàtì lórí àjà kọ̀ọ̀kan náà. Tí àwòrán bá sọ méjì tó wá jẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹnì kan ti gé ti ẹnì kan.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí sọ́féyọ̀ wọn àyè yín, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan

Níbí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Sọ́féyọ̀ tó kàn gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní igun ọgbà, tó wọn òkúta àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó sì ya pọ́lọ́ọ̀tì fún yín kò tíì ṣe nǹkan kan lórí fúláàtì. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ ní kó ṣe é báyìí.

*So ilé mọ́ ilẹ̀.* Kó bẹ̀rẹ̀ láti àwọn òkúta àmì tó wà nínú TDP, kó sì fi hàn bí igun ilé ṣe jìnnà sí wọn tó. Kó kọ sára àwòrán irú ètò nọ́ńbà tó lò. Lórí ètò Minna ni ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ wa ti pẹ́ sí, UTM zone 32 sì ni Àbújá bọ́ sí. Ti fóònù àti Google yàtọ̀: WGS84 ni wọ́n ń lò. Tí ẹnì kan bá da méjèèjì pọ̀ láìyí ọ̀kan padà sí èkejì, ilé yín lè bọ́ sí òdìkejì títì lórí ìwé. Nọ́ńbà tí kò ní orúkọ ètò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà fún un.

*Ya àjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.* Kó wọ inú yàrá pẹ̀lú tépù tàbí ẹ̀rọ laser, kó wọn láti ògiri dé ògiri, kó sì wọn ìlà igun sí igun pẹ̀lú, torí yàrá tó dà bíi pé igun rẹ̀ dọ́gba lójú kì í sábà dọ́gba. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ pinnu nǹkan nìyí: níbo ni ààlà yín wà nínú ògiri tó wà láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò? Àwọn kan máa ń fi í sí àárín ògiri, àwọn kan sí ojú inú. Èrò tèmi ni pé kí ó wà ní ojú inú, níbi tí rírẹ́ parí sí, kí ògiri, òpó àti dẹ́kìn (kọnkéré tó ya àjà kan sí èkejì) jẹ́ ti gbogbo onílé lápapọ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ìdajì ògiri jẹ́ tirẹ̀ lè rò pé òun lè gbẹ́ ẹ fún wíńdò tàbí kó wó òpó láti fẹ pálọ̀. Òpó tó gbé ilé onílé mẹ́fà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń ní.

*Wọn gíga.* Nọ́ńbà méjì ni: gíga ilẹ̀ yàrá lẹ́yìn táìlì, àti gíga abẹ́ dẹ́kìn tó wà lókè orí yín. Kó sọ pàtó bóyá àyè tó wà láàárín POP tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ òkè yàrá àti dẹ́kìn jẹ́ tiyín tàbí ti gbogbo ilé, torí ibẹ̀ ni wáyà àti páìpù onítòkè máa ń gbà kọjá.

Ẹ má jẹ́ kó fi gíga tí ẹ̀rọ GPS fún un sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gíga tí sátẹ́láìtì ń fúnni àti gíga tí wọ́n ń kà láti orí òkun kì í ṣe ọ̀kan náà, ní Nàìjíríà ìyàtọ̀ wọn lè tó ogún mítà. Àjà kan kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ. Tí sọ́féyọ̀ kan bá lo èkíní fún fúláàtì yín, tí òmíràn wá lo èkejì fún ti aládùúgbò, orí ìwé á fi àjà mẹ́fà ó lé ya ẹ̀yin méjèèjì, nínú ilé tí kò ní ju mẹ́ta lọ. Kó gbé gíga wá láti àmì gíga ìjọba tó sún mọ́ yín, kó fi ẹ̀rọ lẹ́fẹ̀lì gbé e wọ inú ọgbà, kó sì kan ìṣó irin kan mọ́ kọnkéré ẹsẹ̀ géètì tí gbogbo onílé á máa ti ibẹ̀ wọn nǹkan lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ilé alájà mẹ́ta, fúláàtì méjì lórí àjà kọ̀ọ̀kan. Fúláàtì 5 wà ní òkè pátápátá. Ilẹ̀ yàrá rẹ̀ wà ní mítà 468.20, abẹ́ dẹ́kìn òkè rẹ̀ wà ní 471.05, ó túmọ̀ sí pé gíga inú rẹ̀ jẹ́ mítà 2.85. Tí gbogbo yàrá bá jẹ́ mítà 92.40 níbùú-lóòró, àyè tí ẹ rà jẹ́ mítà 263.34 ní ìbú, òró àti gíga (cubic metres). Nọ́ńbà yìí ló jẹ́ fúláàtì yín, kì í ṣe “Flat 5”.

*Sọ orúkọ àjà láìní ìyàtọ̀.* Àwọn kan máa ń ka ilẹ̀ pátápátá sí àjà kìíní, àwọn kan kì í kà á. Nínú ilé àpẹẹrẹ wa, “second floor” lè jẹ́ òkè kìíní níbi tí fúláàtì 3 àti 4 wà, ó sì lè jẹ́ òkè kejì níbi tí 5 àti 6 wà. Ẹjọ́ ti ọ̀pọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ láti ibi kékeré yìí. Kí sọ́féyọ̀ kọ ọ́ báyìí: ilẹ̀ pátápátá, òkè kìíní, òkè kejì, kó sì fi gíga ilẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

*Má gbàgbé ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.* Bákónì, ibi ìgbọ́kọ̀sí, yàrá kékeré abẹ́ àtẹ̀gùn, ibi tí táǹkì omi yín dúró sí lórí òrùlé, ibi tí ẹ gbé sólà sí. Èyí tó bá jẹ́ tiyín nìkan, kó ní àwòrán àti lẹ́tà tirẹ̀: 5A ni inú ilé, 5B ni bákónì, 5C ni ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bákónì máa ń dá ìjà sílẹ̀, torí kò ní dẹ́kìn lókè nígbà mìíràn. Ẹ sọ ibi tí àyè rẹ̀ ga dé, kí onítòkè má baà na òpó wá sí orí yín, kí ẹ̀yin náà má sì kọ́ yàrá síbẹ̀.

Sọ́féyọ̀ tó bá mọ̀ ọ́n lè ya gbogbo ilé náà sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè yí i wò yíká. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ wọn ti ń gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2016, nígbà tí wọ́n fi í forúkọ ibùdó rélùwéè ìlú Delft sílẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin àti ọ́fíìsì ìjọba ìlú wà lórí ara wọn. Ní tiwa, bébà ni ìwé náà ṣì ń jẹ́, nítorí náà ẹ ní kó tẹ àwòrán tí wọ́n gé láti ẹ̀gbẹ́, tó fi àjà kọ̀ọ̀kan hàn, sórí bébà pẹ̀lú. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ sọ́féyọ̀ ń fò. Láìsí i, gíga kò hàn níbì kankan.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ mú gíga abẹ́ dẹ́kìn yín àti gíga ilẹ̀ yàrá onítòkè. Ìyàtọ̀ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ nínípọn dẹ́kìn àti ìlẹ́pọ̀ abẹ́ táìlì nìkan. Tí dẹ́kìn bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí ìlẹ́pọ̀ àti táìlì jẹ́ 5, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 20. Tó bá jẹ́ 60, tàbí tí abẹ́ dẹ́kìn yín bá ga ju ilẹ̀ yàrá onítòkè lọ, àṣìṣe wà nínú ìwọ̀n. Fúláàtì tó wà lábẹ́ yín náà, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ibi tí àyè méjì wọ inú ara wọn, kò sì gbọ́dọ̀ sí àyè tí kò ní olúwa.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kọ ohun àjùmọ̀ní sílẹ̀, kí ẹ sì pín in ní nọ́ńbà

Àtẹ̀gùn, òrùlé, ògiri ìta, ọgbà, géètì, kànga ẹ̀rọ, jẹnẹrétọ̀, sóòkàwéè, ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ to gbogbo rẹ̀ síwèé kan. Tí ẹ ò bá kọ ọ́, dẹfẹ́lọ́pà ló ṣì ni ín, ó sì lè ta òrùlé fún ilé-iṣẹ́ tó ń gbé òpó ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tàbí kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ sí, láìbi yín.

Ọ̀nà tó tọ́ jù láti pín in ni ìwọ̀n fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ká ní nínú ilé àpẹẹrẹ wa, fúláàtì méjì ìsàlẹ̀ jẹ́ mítà 80.10 níbùú-lóòró, mẹ́rin òkè sì jẹ́ 92.40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 529.80. Onífúláàtì òkè kọ̀ọ̀kan ní ìpín 17.44 nínú ọgọ́rùn-ún, onítìsàlẹ̀ ní 15.12. Ìpín yìí kan náà ni kí wọ́n fi máa dá owó àtúnṣe àti owó ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kì í gun àtẹ̀gùn.

Ẹ dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀, kí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ apá Incorporated Trustees nínú òfin CAMA ti ọdún 2020, kó lè ní orúkọ tó fi lè gba ìwé, tó sì lè pe ẹni tí kò san owó lẹ́jọ́. Ẹgbẹ́ WhatsApp kò tó.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ro gbogbo ìpín pọ̀. Mẹ́rin lọ́nà 17.44 àti méjì lọ́nà 15.12 jẹ́ 100 géérégé. Tó bá dín tàbí lé, ẹ padà sórí ìwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé tí lọ́yà máa kọ

Ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa ni Power of Attorney tí wọ́n kọ “irrevocable” sí lára. Ẹ gbọ́ o: Power of Attorney kò gbé ilé fún ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí ti sọ ọ́ ní 1993. Ó kàn ń fún yín láyè láti ṣe nǹkan lórúkọ onílẹ̀ ni, onílẹ̀ ló sì ṣì jẹ́ onílẹ̀.

Ìwé tí ẹ nílò ni sub-lease, ìyẹn ìwé tí onílẹ̀ fi ń yọ̀ǹda àyè yín fún iye ọdún kan, fún gbogbo ọdún tó kù lórí ilẹ̀, àfi ọjọ́ díẹ̀ tó máa kù sọ́wọ́ dẹfẹ́lọ́pà, tàbí Deed of Assignment, ìyẹn ìwé tó ń gbé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ fún olùrà pátápátá, lórí apá ilé náà níbi tí ìwé bá ti lè dá dúró fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi lọ́yà yín léèrè èwo nínú méjèèjì ni ilẹ̀ yín gbà. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, kó rí i dájú pé ìwé náà ní nǹkan wọ̀nyí:

- Orúkọ fúláàtì, àjà, gíga ilẹ̀ yàrá àti gíga abẹ́ dẹ́kìn, pẹ̀lú gbólóhùn tó sọ pé àwòrán sọ́féyọ̀ tó so mọ́ ọn jẹ́ apá kan ìwé náà.
- Ìpín yín nínú ohun àjùmọ̀ní, ní nọ́ńbà.
- Ẹ̀tọ́ láti gba àtẹ̀gùn kọjá, láti gba páìpù àti wáyà kọjá nínú ògiri, àti láti gbára lé òpó tó wà nílé ẹlòmíràn.
- Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe: wíwó ògiri, kíkọ́ sórí bákónì, gbígbẹ́ dẹ́kìn.
- Ìlérí dẹfẹ́lọ́pà pé òun á fi C of O sílẹ̀ fún lílò nígbà ìforúkọsílẹ̀.

Àlàyé kan lórí èyí tó gbẹ̀yìn: tí C of O bá wà ní báńkì nítorí gbèsè, ẹ gba lẹ́tà báńkì tó sọ pé fúláàtì yín kò sí nínú ohun tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé mọ́. Ìlérí ẹnu dẹfẹ́lọ́pà kò ní dá báńkì dúró.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ilé náà rí ní ìwé yìí àti tépù. Tó bá lè wọlé kó dúró sí àárín pálọ̀ yín láìbi ẹnikẹ́ni, ìwé náà dára.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìyọ̀ǹda Mínísítà, òǹtẹ̀, àti ìforúkọsílẹ̀

Ẹ̀ka 22 nínú òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ìyẹn Land Use Act, ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn, títí kan sub-lease, láìgba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀ka 26 sì sọ pé èyí tó bá lòdì sí òfin náà kò ní ìtumọ̀ kankan. Ní FCT, ọwọ́ Mínísítà ni ìyọ̀ǹda náà ti ń wá. Àdéhùn tí ẹ bu ọwọ́ lù láàárín ara yín níwájú ẹlẹ́rìí méjì kò tíì tó.

Ètò rẹ̀ máa ń lọ báyìí: ẹ bu ọwọ́ lu ìwé, ẹ san owó òǹtẹ̀ stamp duty, ẹ kọ̀wé béèrè ìyọ̀ǹda, ẹ san owó tí wọ́n bá bu lé yín, ẹ gba ìyọ̀ǹda, kí ẹ wá forúkọ ìwé náà sílẹ̀ ní ilé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Owó orí dẹfẹ́lọ́pà náà gbọ́dọ̀ mọ́ kí ó tó ṣeé ṣe, nítorí náà ẹ béèrè ẹ̀rí owó orí rẹ̀ ṣáájú.

Láti ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba FCT ti ní àtúnṣe lórí ìwé ilẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé kí àwọn tó ra ilé ní ẹ́séètì mass housing (ẹ́séètì tí dẹfẹ́lọ́pà kọ́ ọ̀pọ̀ ilé sí fún títà) àti àwọn tó ní apá kan nínú ilé gba ìwé lórúkọ ara wọn. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sectional title. Tó bá jẹ́ irú ẹ́séètì bẹ́ẹ̀ ni ilé yín wà, ẹ má dá lọ. Kí ẹgbẹ́ onílé kó gbogbo àwòrán àti orúkọ jọ, kí wọ́n sì bá dẹfẹ́lọ́pà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí sectional title fún ẹnì kan nínú mẹ́fà ń fi àwọn márùn-ún yòókù sílẹ̀ nínú òkùnkùn, àwòrán ìpín kò sì ní pé.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú níbí ni ejẹ́ǹtì tó ní òun “mọ ẹnì kan nínú AGIS”. Ẹ san owó sí àpò ìjọba tí wọ́n kọ sí ìwé owó, kí rìsíìtì sì jẹ́ orúkọ yín. Tí ẹ bá gba ìwé láti ọwọ́ ẹnì kan ní ilé oúnjẹ tàbí nínú ọkọ̀, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó dúpẹ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó yọrí:* ẹ ṣe sẹ́ọ́ọ̀ṣì tuntun lẹ́yìn tí wọ́n ní wọ́n ti forúkọ yín sílẹ̀. Orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé yín àti fúláàtì yín gbọ́dọ̀ hàn nínú èsì rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ dẹfẹ́lọ́pà nìkan ló ṣì wà níbẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ náà kò tíì wáyé, ohunkóhun tó wù kí òǹtẹ̀ tó wà lára ìwé yín jẹ́. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé òótọ́ ni, kí ẹ sì rí i pé àwòrán sọ́féyọ̀ wà nínú ẹ̀dà náà. Àwòrán máa ń já sọnù nínú fáìlì.

Ìgbésẹ̀ 7: Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀

Kí ẹgbẹ́ onílé máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún ní oṣù kìíní, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rìsíìtì fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú ìwé gangan síbi tí iná àti omi kò lè dé, kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ ibẹ̀.

Tí ẹ bá fi gíláàsì bo bákónì, tí ẹ so yàrá méjì pọ̀, tàbí tí ẹ bá ra ti aládùúgbò kún tiyín, ẹ kọ́kọ́ gba ìfọwọ́sí Development Control àti ti ẹgbẹ́ onílé. Lẹ́yìn náà ẹ pe sọ́féyọ̀ kó wọn apá tó yí padà láti orí ìṣó irin ẹsẹ̀ géètì yẹn, kó kọ ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n sára àwòrán tuntun, kí ẹ sì fi í kún fáìlì ní AGIS. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ yín lọ́la yóò gbé tépù wá, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé mu.